Ẹ fi orúkọ bẹ̀rẹ̀: lórí àwọn akọni tuntun tí ọ̀dọ́ ń mú jáde láti inú igbó Fágúnwà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé, ẹ kú ìrọ́jú. Àwòrán àwọn akọni tí àwọn ọ̀dọ́ fi ọwọ́ ara wọn yà, tí wọ́n ní inú ìwé D. O. Fágúnwà làwọn ti mú ìmísí wọn, ti wá pọ̀ lórí fóònù báyìí. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọwọ́ bo orúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ púpọ̀ nínú wọn, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọdẹ Yorùbá lẹ̀ ń wò tàbí jagunjagun Japan. Irin bo ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, idà méjì kọ́ra lẹ́yìn, iná ń jáde lójú. Ẹni tó bá wọ irú irin bẹ́ẹ̀ wọ igbó tí ìtàkùn ti dí, òógùn á ti pa á kó tó dé ìdí ìrókò àkọ́kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé wọ́n ń ya àwòrán kí wọ́n tó ní ọ̀rọ̀. Orúkọ ni Fágúnwà fi ń bẹ̀rẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, ọkùnrin mẹ́fà ló bá Àkàrà-oògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé lórí, lọ sí Òkè Láńgbòdó, ohun tí kálukú lè ṣe sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lára orúkọ rẹ̀ tán. Kàkó ní kùmọ̀ ẹkùn. Ìmọ̀dòye ti fi ọdún méje gbé lọ́dọ̀ ààjà. Olóhùn-iyọ̀ ni olórin wọn, Ẹ̀fọ́ìyẹ́ ni tafàtafà, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ sì gbọ́ èdè ẹranko àti ẹyẹ. Ní ti Àrámàǹdà-ọkùnrin, bí ooru bá mú, òtútù ló ń gbọ́. Bí òtútù bá mú, ooru a bò ó. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀bùn ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò ara wọn lójú ọ̀nà. Akọni tí àwọn ọmọ wa ń yà ń fò, ó ń pòórá, ó ń pe àrá, ó tún ń wo ọgbẹ́ sàn. Ta ni yóò wá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà tí ìjà náà á tó ojú ewé méjì?

Ẹ jẹ́ ká fi ẹyọ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká kọ́ ọ láti ìpilẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ lè rí bí nǹkan ṣe ń so mọ́ra. Ọdẹbìnrin ni, nítorí ọkùnrin nìkan ni àwọn méje tó lọ sí Òkè Láńgbòdó. (Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé obìnrin kì í jagun, kó lọ bá Ọya sọ ọ́.) Ẹ̀bùn rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún nílẹ̀, ìbáà jẹ́ orí ewé gbígbẹ ló ń rìn. A ó pè é ní Arìnmádún.

Ẹ ṣọ́ àmì orí orúkọ yẹn o. Arìnmádún ni ẹni tó ń rìn tí ìró kò sọ. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní Arìnmádùn, ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò dùn lẹ sọ yẹn, ẹ ti sọ ògbójú ọdẹ di arọ tàbí onígbèéraga. Bí ẹ bá wá fi í sílẹ̀ láìsí àmì kankan, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rí i lábẹ́ gbogbo àwòrán wọ̀nyí, òǹkàwé ló máa yan èyí tó wù ú. Àmì náà lára irinṣẹ́ akọni ni, bí apó àti ọfà.

Lẹ́yìn orúkọ, èèwọ̀ ló kàn. Ẹ̀bùn tí kò ní èèwọ̀ kò lè bí ìtàn. Ti Arìnmádún ni pé kò gbọdọ̀ dáhùn bí wọ́n bá pè é nínú igbó. Bó bá dáhùn péré, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ró bí ewúrẹ́ lórí páànù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ rí i pé ìṣòro ti dé: inú igbó tí gbogbo iwin ti lẹ́nu, tí ẹbọra kan kì í jà kó má kọ́kọ́ béèrè pé ta lo jẹ́, kí lo wá ṣe, ìfúnnu ni ọdẹ fi ń ja ìjà àkọ́kọ́. Arìnmádún kò lè fúnnu. Wọ́n lè bú ìyá rẹ̀, wọ́n lè fi ohùn ọmọ rẹ̀ pè é. Ọ̀tá tó bá gbọ́n kò ní mú idà wá, ìbéèrè ni yóò mú wá. Irú ọ̀tá tó yẹ akọni kan, inú èèwọ̀ rẹ̀ lẹ ti máa rí i. Kí ẹ má sì fọ ìwà rẹ̀ mọ́ jù: Kàkó fúnra rẹ̀ pa obìnrin tó fẹ́ dá a dúró nígbà tí ìrìnàjò yá, Fágúnwà kò sì fi í pamọ́ fún wa.

Bí akọni kò bá lè sọ̀rọ̀, ta ni yóò kì í? A fún un ní ọmọ iṣẹ́ kan tó ń lu gángan, tó ń dúró létí igbó. Oríkì rẹ̀ nìyí, ìlà mẹ́rin péré:

Arìnmádún, a-tẹ-ewé-gbígbẹ-má-jẹ̀ẹ́-kó-ké.
Ó kọjá lẹ́yìn ikún, ikún ò gbọ́: ẹ ní ikún dití ni.
Ó kọjá lẹ́yìn àgbọ̀nrín, àgbọ̀nrín ò gbọ́:
Ta ni yóò ní àgbọ̀nrín dití?

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé ẹni tó bá kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ ni, nítorí náà ìlà kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ yẹ̀yẹ́. Ìlà kẹta ló wá gbé iṣẹ́ náà dúró. Oríkì tí wọ́n ń kọ sábẹ́ àwòrán kì í ní irú ìpadàbọ̀ yìí. “Alágbára jù lọ, akínkanjú, ẹni tí a kò lè ṣẹ́gun” ni. Èèyàn lè fi ìyẹn ki ẹnikẹ́ni, títí kan alága ìjọba ìbílẹ̀.

Ọfọ̀ tún ní ìlànà tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣìṣe jù. Kí èèyàn kàn máa pariwo pé “mo pàṣẹ!” kì í ṣe ọfọ̀. Ọ̀nà méjì tó gbajúmọ̀ ló wà. Nínú èkíní, wọ́n á gba inú orúkọ ewé wọlé, bí wọ́n ṣe ń mú “dá” inú àbámọ̀dá fi sọ pé kí ohun tí àwọn bá dá kó dá. Nínú èkejì, wọ́n á to òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè jà níyàn, wọ́n á wá so ìbéèrè tiwọn mọ́ ọn nídìí. Èkejì yìí la mú fún Arìnmádún:

Òjìji kì í dún lórí ewé.
Ìrì kì í ké nígbà tó bá ń sẹ̀.
Oorun kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Kí ẹsẹ̀ mi má dún.

Ẹ dán àwọn ìlà náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi “ẹkùn kì í dún” kún un, ẹ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí ẹkùn máa ń bú, ọmọ kékeré sì mọ̀. Ọfọ̀ tí irọ́ kan bá wọ̀, kò sídìí tí ìlà ìkẹyìn yóò fi ṣẹ. Ìta igbó ni yóò ti pè é tán o. Bó bá ti wọlé, ẹnu ti pa dé nìyẹn.

Ó wá ku aṣọ, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Gbérí, ìyẹn ẹ̀wù ọdẹ, ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ṣòkòtò tí kò gùn ju orúnkún lọ púpọ̀ àti fìlà ọdẹ tí ìrù rẹ̀ já sí èjìká. Fún ẹni tó fẹ́ rán an ní tòótọ́ fún ọjọ́ àṣà nílé ìwé, kíjìpá, aṣọ òwú tí wọ́n fi ọwọ́ hun, ni kí ẹ rà. Bí kò bá sí kíjìpá, tálà náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa, torí oje tó mú tálà tuntun le kì í jẹ́ kí aró wọlé. Ibẹ̀ ni aṣọ ti ń ṣe pàlàpàlà. Ẹ rì í sínú aró bí ìgbà 4 sí 6, kí ẹ sì máa sá a sí atẹ́gùn láàárín ìgbà kan sí èkejì. Bó ṣe ń jáde nínú ìkòkò, ó máa rí bí ewé tútù, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró. Ẹni tó bá kánjú tì í padà kó tó yí tán, àwọ̀ náà kò ní jinlẹ̀.

Oǹdè, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi awọ rán pa tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀wù ọdẹ: ẹ gba àjákù awọ lọ́wọ́ aránbàtà, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 5 níbùú àti lóròó, ẹ ki òwú sínú rẹ̀, ẹ fi okùn tó nípọn rán ẹnu rẹ̀ pa. Méje níwájú, márùn-ún lẹ́yìn, tó. Wọn kì í fọ́n oǹdè káàkiri bí ẹni ń gbin àgbàdo. Àyà, ẹ̀yìn àti ìbàdí tí ewu lè gbà wọlé ni wọ́n ń tò wọ́n sí. Kí ẹ má fi gúlù lẹ̀ wọ́n, torí òógùn á tú u kí ijó tó parí. Owó ẹyọ tí wọ́n ti gé ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ rà kó lè sùn pẹrẹsẹ. Bó bá ti lé ní 40, ẹ fi aṣọ kejì tẹ́ abẹ́ èjìká, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọrùn gbérí á wọ́ wá síwájú.

Ẹ rántí ẹni tí à ń wọ aṣọ fún ṣá. Ọdẹ tí kì í dún kò lè so ṣaworo mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, bó ti wù kó dùn ún wò tó. Etí méjèèjì ni kí ẹ ti rán owó ẹyọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà máa gbára wọn. Àwọn àdó oògùn tó so mọ́ ìbàdí rẹ̀, ẹ fi àkísà wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò wọ bàtà. Kò sì gbé ìbọn.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ṣakabùlà yẹn gba àlàyé, torí wọ́n ń yà á bí ẹni pé ti ṣọ́jà ni. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń kì í. Ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á fi àkísà dí i, wọ́n á fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọta á tẹ̀lé e, wọ́n á tún dí i. Ìró kan ṣoṣo ni gbogbo wàhálà yẹn fúnni, lẹ́yìn náà wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá pa ẹ̀tù, igi lásán ló wà lọ́wọ́ ọdẹ. Òǹkọ̀wé tó bá mọ èyí á rí nǹkan fi dẹ́rù bani: ìró kan ti lọ, ẹbọra ń bọ̀, ọ̀pá ṣì wà nínú ìbọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e fún eré, kó gbẹ́ ẹ ní igi kó sì fi ọ̀dà pupa kun ẹnu rẹ̀; ohun tó bá jọ ìbọn gidi jù lè kó ọmọ sí wàhálà ní ojú pópó.

Ọrun àti ọfà ni ti Arìnmádún. Ọrun náà máa ń dún bí ọfà bá kúrò, nítorí náà ẹ wé irun ẹran díẹ̀ mọ́ okùn rẹ̀ nítòsí orí méjèèjì. Ìyẹn ń pa ìró okùn kù lóòótọ́, kì í ṣe ti ìtàn nìkan. Ti eré, ọparun sẹ̀ǹtímítà 120 tó, kí wọ́n má fa okùn rẹ̀ le, kí ẹnu ọfà sì jẹ́ fóòmù.

Ohun kan kù tí kò yẹ kí àwọn tó fẹ́ tà ohun tí wọ́n yà gbójú fò. Oṣù Kejìlá 1963 ni Fágúnwà kú. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú, èyí tó túmọ̀ sí pé ìwé rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ààbò títí di òpin 2033. Ẹni tó bá tẹ Àkàrà-oògùn tàbí Kàkó sára ẹ̀wù fún títà láìgba àṣẹ ń wá ẹjọ́. Ọdẹ, igbó, oǹdè, ìjálá, egbére tó ń ru ẹní tó ń sunkún, ti gbogbo wa ni. Àgbákò gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú, ti gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, ẹbọra inú ìwé náà, Fágúnwà ló ni ín. Ẹ ṣe ọ̀tá tiyín.

Níkẹyìn, Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ méjì la ní. Bí ẹ bá ń tẹ àwòrán àwọn ọmọ wọ̀nyí jáde, ẹ má tẹ orúkọ akọni láìfi àmì sí i. Ẹ sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé “akọni tuntun”, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yà á, kí ọmọ ilé ìwé tó bá rí i má baà lọ máa wá Arìnmádún kiri nínú Igbó Irúnmalẹ̀.

Àwa òǹkàwé yín,
Ìbàdàn