Ọrọ̀ Írẹ́lándì: orí ìwé ló wà, kò dé ilé

Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá bí mi nínú púpọ̀, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé Írẹ́lándì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó jù lọ láyé, àti pé ẹni tí ìṣẹ́ bá ń ṣẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé ní Dublin. Ọjọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo bá màmá kan tó jẹ́ aládùúgbò mi, ọmọ bíbí ibẹ̀, lórí ẹkún, nítorí pé ọmọ wọn ọkùnrin, olùkọ́, ẹni ọdún 34, tó ṣì ń sùn ní yàrá tó ti ń sùn láti kékeré, fẹ́ kó lọ sí Ọsirélíà. Kì í ṣe pé kò ríṣẹ́. Ilé tí owó oṣù olùkọ́ ká ni kò rí.

Lọ́dún 2015, wọ́n ní ọrọ̀ ajé Írẹ́lándì fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè láàárín ọdún kan ṣoṣo. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá láti òkè òkun ló kó ohun-ìní wọn wọ inú ìwé ìṣirò ibẹ̀ nítorí owó orí tí kò wúwo, èrè náà kò sì dé ilé màmá yìí. Nígbà ìyàn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1845, tí àrùn pa pòtétò, tí nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn sì kú, ọkọ̀ ojú omi ṣì ń kó oúnjẹ jáde ní èbúté ilẹ̀ náà. Ọrọ̀ ń kọjá lójú wọn nígbà náà, ó ń kọjá lójú wọn báyìí.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ padà sí kíkọ́ ilé fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, tí àpò rẹ̀ sì gbẹ, ìjọba ìlú Dublin kọ́ ilé rẹpẹtẹ sí àdúgbò Marino, wọ́n sì tún kọ́ sí àdúgbò Crumlin lẹ́yìn náà. Crumlin yìí ni wọ́n bí màmá náà sí. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé kò sówó lónìí? Lọ́dún 2024, ilé ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ pé kí Apple san owó orí bílíọ̀nù 13 yúrò fún Írẹ́lándì, owó tí ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń pẹjọ́ pé òun kò fẹ́ gbà. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.) Kí wọ́n fi kọ́ ilé sórí ilẹ̀ ìjọba, kí owó ilé bá owó oṣù ayálégbé mu, kí wọ́n má sì tà á fún ẹnikẹ́ni láéláé, nítorí títà ni wọ́n ta èyí tí àwọn bàbá wọn kọ́.

Kí wọ́n sì fi owó orí tó gbóná ju ti ìsinsìnyí lọ lé ilé òfìfo, tí ìkànìyàn ọdún 2022 kà ní ohun tó lé ní 166,000.

Àwọn aláṣẹ tó ń fi ìṣirò yangàn kò wá ilé rí. Kì í ṣe iṣẹ́ ni kò sí, ilé ni. Bí òǹkọ̀wé yín bá fẹ́ jiyàn, kó bẹ aládùúgbò mi wò kí oṣù yìí tó parí, nítorí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni ọmọ wọn yóò wọkọ̀ òfurufú.

Òǹkàwé yín,
Dublin, Írẹ́lándì