Ìgbà wo ló mọ ara rẹ̀?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn. Ọjọ́ tí iná bá lọ, tí a bá ń fọwọ́ lẹ bọ́tìnì tàbí tí a ń ṣẹ́tí aṣọ, ìwé ìròyìn yín ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi máa ń kà sókè fún wa.

Wọ́n ta ìwé ìtàn àròsọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láìpẹ́ yìí. Ìfẹ́ àti ìgbàgbọ́ ló dá lé, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pé obìnrin tó bá kà á yóò mọ ara rẹ̀. A fi ọjọ́ mẹ́ta kà á. Ọmọbìnrin inú rẹ̀ gbààwẹ̀, ó ṣe àìsùn, ọkùnrin tó ń tẹ dùùrù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó di ìyàwó. Ó tán! Àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi ní, "Ẹ gbọ́ ná, mà, ìgbà wo wá ló mọ ara rẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn ti ṣe é dáadáa jù báyìí lọ rí. Láti oṣù Keje 1929 di oṣù Kẹta 1930 ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde, Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ẹwà ti ṣí, ló wá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún olóòtú: bó ṣe kọtí ikún sí ìyá rẹ̀, bí àwọn ọkùnrin ṣe tàn án, bí òun náà ṣe tàn wọ́n. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ níbẹ̀, òwe ń bẹ níbẹ̀. Ọkọ kankan kò dúró dè é ní ìparí. Àwọn ará Èkó gbà á gbọ́ débi pé àwọn kan fi owó ránṣẹ́ sí i. Àṣé Isaac B. Thomas, olóòtú fúnra rẹ̀, ló ń kọ ọ́! Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló sọ fún mi, òun ló mú èyí tí Karin Barber, onímọ̀ nípa ìwé Yorùbá, tún tẹ̀ jáde ní 2012 wálé. Inú bí mi díẹ̀. Ọkùnrin! Ìtàn náà di ìwé ní 1930, ọdún 8 kí Ògbójú Ọdẹ tó jáde, síbẹ̀ mo ka ìwé mẹ́wàá, n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ní kíláàsì.

Èmi náà gbàdúrà ọkọ. Tèmi lọ, kò padà. Gbogbo Kérésìmesì ni mo ń rán agbádá dè é. Ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìwọ̀n mi ni tirẹ̀: ọrùn 16, àyà 42, gígùn 54. Nígbà tí agbádá pé 6 nínú àpótí, n kò rán méje. Ọjọ́ Àìkú kan, mo ti ìsìn dé, mo mú bíléèdì, mo ń tú ojú rírán ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní kí n fi rán bùbá ara mi. Mo ṣí ìwé ìwọ̀n, n kò bá ara mi níbẹ̀. Ọdún 15 ni mo ti ń wọn ará Òkè-Àdó, n kò wọn ara mi rí. Ọmọṣẹ́ ló fi téèpù yí mi ká lọ́jọ́ yẹn. N kò fi àdúrà sílẹ̀ o. Ohun tí mò ń béèrè ló yàtọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìtàn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Kó máa dúró síbi tí yóò ká wa lára, ká lè jiyàn lé e lórí títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí. Bó bá sì jẹ́ ọkùnrin lẹ fẹ́ kó kọ ọ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sẹ̀ tí ọdún bá kù dẹ̀dẹ̀. Àga wà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ, Òkè-Àdó, Ìbàdàn