Orin tí ẹ pè ní ariwo òyìnbó yẹn, òyìnbó kọ́ ló dá a sílẹ̀ o

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá.

Mo ka ohun tí ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé yín kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa orin táwọn ọmọ ìwòyí ń gbọ́, mo kà á tán, mo tún padà kà á, mo ní bóyá ojú mi ló ń ṣe bákan. Wọ́n ní house, techno, amapiano, gbogbo orin tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, ariwo òyìnbó lásán ni, pé kò sí ìlù níbẹ̀, pé kò ní orírun. Háà! Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbé sípíkà lọ òde àríyá n'Íbàdàn níbí, jùjú o, fújì o, orin ṣọ́ọ̀ṣì o, kò séyìí tí n kì í gbé sí i. Kì í ṣe pé gbogbo orin kọ̀ǹpútà ló ń dùn mọ́ mi o, òmíràn ń bẹ tó jẹ́ pé mo kàn ń fara dà á torí owó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Àwọn dúdú Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kíláàbù kan wà ní Chicago tí wọ́n ń pè ní Warehouse, Frankie Knuckles tó wá láti New York ló ń ṣe dííjè níbẹ̀ láti 1977, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé orúkọ house ti jáde. Dísíkò ló gbòde nígbà yẹn. Ó wá di oṣù keje 1979, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò kan, aláwọ̀ funfun, ní káwọn èèyàn kó àwo dísíkò wá sí Comiskey Park tí wọ́n ti ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù, wọ́n kó wọn jọ sáàárín pápá wọ́n sì fi ohun abúgbàù fọ́ wọn yángá, lèrò bá ya wọ pápá, eré kejì tó yẹ kí wọ́n gbá lálẹ́ ọjọ́ náà ò lè wáyé mọ́. Ọmọ dúdú kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ló ń júwe àga fún èrò bíi tàwọn ọ́ṣà ṣọ́ọ̀ṣì, Vince Lawrence lorúkọ ẹ̀. Òun ló padà wá sọ pé àwo táwọn èèyàn ń gbé wọlé, kì í ṣe dísíkò nìkan, pé orin àwọn dúdú tí kò bá dísíkò tan rárá pọ̀ níbẹ̀. Ní 1984, òun yìí kan náà wà lára àwọn tó ṣe àwo "On and On" ti Jesse Saunders, èyí tọ́pọ̀ èèyàn ń pè ní àwo house àkọ́kọ́. Ṣé òyìnbó nìyẹn?

Ẹ̀rọ tí wọ́n lò gan-an, ẹ gbọ́, torí èmi tí mo ń tú àńpù palẹ̀ lójoojúmọ́ ni ibí yìí dùn mọ́ jù. Ilé iṣẹ́ Roland ní Japan ṣe ẹ̀rọ kékeré kan, TB-303, pé kí onígìtá tó ń dá nìkan kọ́ṣẹ́ nílé lè rí ohun tí á máa bá a ta béèsì. Ọjà ò tà. Ohùn ẹ̀ ò jọ gìtá kankan, nígbà tó fi máa di 1984 wọ́n ti dáwọ́ ẹ̀ dúró, ó wá di tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú. DJ Pierre àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Chicago rí ọ̀kan rà, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ni wọ́n bá ń yí kọ́nọ́bù ẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún níbi tó ti ń dún lọ́wọ́, lohùn ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń lọ́, ó ń wú, bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni acid house, ẹ̀yà orin house kan, ti bẹ̀rẹ̀, àwo wọn jáde ní 1987.

Techno ńkọ́? Detroit ni, Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, ọmọ dúdú làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n jọ lọ sílé ìwé ni. Nígbà tí ògiri Berlin wó tán làwọn ará Jámánì gbé e gẹ̀gẹ̀, wọ́n ṣí kíláàbù Tresor ní 1991 nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó owó pamọ́ sí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹta 2024 Jámánì fi techno Berlin sínú ìwé àwọn àṣà àjogúnbá ilẹ̀ wọn. Mi ò bá wọn jà, wọ́n tọ́jú ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ọmọ tọ́ kọ́ ló bí i.

Ti pé kò sí ìlù níbẹ̀ yẹn ló bí mi nínú jù. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, gbé àwo ìlù jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960. Candido, onílù ọmọ Cuba, mú orin kan nínú ẹ̀ ní 1979, ó sọ ọ́ di dísíkò, ó sì di orin kíláàbù ní New York. Tony Allen tó lu dúrọ́ọ̀mù fún Fẹlá ńkọ́? Kó tó kú ní 2020, òun àti Jeff Mills, olórin techno ará Detroit, jọ ṣe àwo ní 2018, Tony ń lu tiẹ̀, Jeff ń fi TR-909, ẹ̀rọ tó ń lu ìlù, dá a lóhùn.

Ti amapiano tiẹ̀ tún yàtọ̀, adúláwọ̀ ló ni ín láti ìdí, àwọn ọmọ àdúgbò mẹ̀kúnnù ní Pretoria àti Johannesburg ní South Africa ni. Log drum tó ń dún gbùngbùn níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe igi, kì í ṣe awọ, ohùn kan ni nínú FL Studio, ohun tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin. Ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ìgbà téèyàn fún ọṣán gángan pọ̀ tó tún tú u sílẹ̀. Mi ò ní wọ́n kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa o. Mo kàn mọ̀ pé ní December tó kọjá, níbi ìkómọ kan l'Ápẹtẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbé amapiano sí i láìgbàṣẹ, ó ṣí béèsì kọjá ààlà, pépà sípíkà mi kan sì ya pẹ́rẹ́. Inú ń bí mi, mo ń lọ bá a, ni mo bá rí màmá àgbà kan tó ti jókòó jẹ́ẹ́ láti àárọ̀, wọ́n ti dìde, wọ́n ń jó bọ̀, owó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yí sípíkà po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń wẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n ní, "Àwọn onílù yẹn dà?" Nígbà tí wọn ò rẹ́ni kankan, iwájú orí ọmọ iṣẹ́ mi ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Alásípíkà, Ìbàdàn