Kí Wọ́n Kó Jáde ní Westminster Ná

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pẹ́ jù nílẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n pa ààfin Westminster, ilé àtijọ́ tí àwọn aṣòfin náà ń lò ní London, tì, kí wọ́n lọ kọ́ òmíràn síbòmíràn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Láti 1097 ni gbọ̀ngàn àgbà ibẹ̀ ti wà. Iná 1834 tó run èyí tó pọ̀ jù nínú ààfin náà kò rí i jó. Ta ni yóò wá fọwọ́ ara rẹ̀ sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ nù?

Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa tún un ṣe lórí àwọn aṣòfin tó ṣì jókòó sínú rẹ̀, ìyẹn gan-an ni mi ò gbà. Ní abẹ́ ilé, páìpù ooru, páìpù gáàsì àti wáyà iná lọ́ mọ́ra wọn, asbestos, èròjà ìkọ́lé àtijọ́ tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, sì wà káàkiri. Tọ̀sán-tòru ni òṣìṣẹ́ ń ṣọ́ ọ kó má baà gbiná! Ní 2018, àwọn aṣòfin fúnra wọn dìbò pé àwọn yóò kó jáde. Kí ni wọ́n tún ń fà sẹ́yìn fún? Nígbà tí bọ́ǹbù ba gbọ̀ngàn àwọn aṣojú jẹ́ ní 1941, ṣebí gbọ̀ngàn mìíràn ni wọ́n ti ń ṣòfin títí wọ́n fi tún un kọ́.

Òǹkàwé yín