Orúkọ mi lára àpótí lẹ́tà

Berlin,
Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà n'Íbàdàn? Ara àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. Inú mi dùn pé físà àbúrò ẹ ti jáde. O ní kí n sọ ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe tó bá dé. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́.

Nígbà tí mo dé, mo rò pé físà inú pásípọ́ọ̀tù mi ti parí gbogbo ẹ̀. Irọ́ ni. Físà kàn gbé ẹ wọlé ni. Ohun tí gbogbo wọn ń béèrè ni Anmeldung, ìyẹn ni pé kí o lọ forúkọ sílẹ̀ ní Bürgeramt, ọ́fíìsì ìjọba fún àwọn ará ìlú, kí o sọ ibi tí ò ń gbé, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí o kó wọlé. Òfin ni, ẹni tí kò bá ṣe é lè san fáìnì tó tó 1,000 yúrò.

Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fún ẹ ní yàrá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan pé lóòótọ́ lò ń gbé lọ́dọ̀ òun. Wohnungsgeberbestätigung ni wọ́n ń pè é. Ó pẹ́ kí n tó lè pè é láì sinmi lágbedeméjì. Ọkùnrin tó gbà mí sí yàrá àkọ́kọ́ ní Neukölln, àdúgbò kan ní Berlin níbí, gba owó mi tán, ó ní òun ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan, kí n ṣáà máa gbé jẹ́jẹ́ mi. Èmi náà ní ó ṣoore! Àṣé ayálégbé lòun náà, kò fẹ́ kí ẹni tó nilé mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Kí àbúrò ẹ tó sanwó yàrá kankan, kó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ìwé yẹn. Bí wọ́n bá ń fà á sẹ́yìn, kó gba ibòmíì lọ.

Mo padà rí yàrá ní àdúgbò tó ń jẹ́ Wedding, ní títì tó ń jẹ́ Togostraße. Tógò ìtòsí wa níbẹ̀ yẹn ni o! Ìgbà tí Jámánì ń ṣàkóso wọn ni wọ́n ti fún títì náà lórúkọ. Ti Kamẹrúùnù náà wà nítòsí. Obìnrin tó nilé fọwọ́ sí ìwé mi lójú ẹsẹ̀. Ó wá ku ọjọ́ tí wọ́n máa dá fún mi. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń wá a, ó sì ṣọ̀wọ́n bí epo bẹntiróòlù lásìkò Kérésì. Gbogbo Bürgeramt tó wà ní Berlin ló lè ṣe é fún ẹ, torí náà Spandau ni mo ti rí tèmi, lópin ìlú lọ́hùn-ún.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n fi ṣe é. Obìnrin ìdí kọ̀ǹpútà bi mí ní ẹ̀sìn mi. Díẹ̀ ló kù kí n máa jẹ́rìí, àṣé ọ̀rọ̀ owó ni. Bí o bá ní ọmọ Àgùdà ni ẹ́, tàbí ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì tiwọn, wọ́n á máa yọ owó ìjọ lára owó oṣù ẹ. Ní Berlin, ìdá 9 nínú 100 owó orí ẹ ni. Mo ní C.A.C. Ó wojú mi, ó tẹ nǹkan kan, ó kọjá lọ. Àmì orúkọ mi kò sí nínú pásípọ́ọ̀tù, torí náà kò sí lọ́dọ̀ tiwọn náà. Àmọ́ ìwọ gbàgbé àmì orí ü tiwọn kó o wò ó!

Ó wá ku nọ́ńbà owó orí. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń gbé e wá bá ẹ nílé, láàárín ọ̀sẹ̀ bíi méjì sí mẹ́ta. Ẹyọ 11 ni, bíi NIN wa gẹ́lẹ́, títí ayé sì ni. Mo dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo dúró márùn-ún. Oṣù parí, ibi iṣẹ́ yọ owó orí tó le jù lọ lára owó mi torí pé mi ò ní nọ́ńbà. Nígbà tí mo rí ohun tó kù, ṣe ni mo pa fóònù dé.

Màmá àgbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ló là mí lójú. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń yọjú wo inú àpótí lẹ́tà, wọ́n nàka sí i: orúkọ ta nìyẹn? Orúkọ ẹni tó kó jáde ṣì ló wà níbẹ̀. Níbí, kò sí nọ́ńbà lára ilẹ̀kùn yàrá. Orúkọ ni ẹni tó ń pín lẹ́tà ń wò. Bí kò bá rí i, ó ti dá lẹ́tà padà nìyẹn. Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń kọ orúkọ sára ilé n'Íbàdàn kí ọ̀tá lè rọ́nà wá? "Bó o bá dé ìdí máńgòrò, béèrè Ìyá Alákàrà" làwa mọ̀. Màmá wọlé, wọ́n mú sẹ́lótéèpù àti bírò jáde, wọ́n ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà. Mo tún béèrè fún nọ́ńbà náà. Wọn kì í sọ ọ́ lórí fóònù, lẹ́tà náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dé, ibi iṣẹ́ sì dá owó tí wọ́n yọ jù padà.

Lẹ́tà tó tẹ̀lé e ni ti owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, 18.36 yúrò lóṣù. Mi ò ní rédíò o! Kò kàn wọ́n. Ilé kan, owó kan ni, torí náà kí àbúrò ẹ àti àwọn tó bá ń bá gbé jọ pín in. Ti káàdì ìgbélùú kò le, kó ṣáà tètè béèrè kí físà ẹ̀ tó kú. Wọ́n á ní kó wá tẹ ìka.

Obìnrin tó nilé ti wá ṣe irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Ó ń dán, àmọ́ wọ́n gbàgbé lẹ́tà kan nínú orúkọ bàbá mi. Mi ò sọ nǹkan kan. Sẹ́lótéèpù mi ni mo lẹ̀ mọ́ ọn lórí.

Fi èlùbọ́ díẹ̀ rán an sí mi, kó dì í dáadáa. Bá mi kí Ìyá.

Èmi ni,
Àsàkẹ́ ẹ.