Owó àríyá wo lẹ gbà lọ́wọ́ wa?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, torí bí mi ò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí síta, mi ò ní lè sùn.

Ní Sátidé tó kọjá, àwa obìnrin ẹgbẹ́ wa ń dín àkàrà níwájú ilé alága wa n'Ìbàdàn níbí, nígbà tí bọ́ọ̀sì kan já dé, tí géńdé mẹ́rin bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ ló rán àwọn wá. Wọ́n ní a ta kánópì, a to àga, a ń lu orin, nítorí náà àríyá là ń ṣe, ká san owó àríyá. Owó àríyá! Orin tí wọ́n ń wí yẹn, rédíò kékeré tí ìyá kan gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì ni, ìròyìn ló sì ń gbọ́ níbẹ̀.

Mélòó ni owó àríyá? ₦25,000. A bẹ̀ wọ́n. Alága wa, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kúnlẹ̀ fún ọmọ tó tó ọmọ ọmọ rẹ̀. Ibi tó ti ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni èkejì ti gbé ìgò gáàsì kúrò nídìí agbada, òróró ṣì ń hó. Ẹ̀wà tí a bó lóru Jímọ̀, tí a lọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, wà nínú ọpọ́n, ó ń wò wá. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kan.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn mí jù. Ẹni tó ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, àkàrà wa ló ń jẹ bó ṣe ń kọ ọ́. Kò tọrọ, kò sanwó. Ó na ọwọ́ sínú asẹ́, ó mú un, ó jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn. Mo kà á: méje. Tíkẹ́ẹ̀tì náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, òróró àtàǹpàkò rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ ju òǹtẹ̀ ìjọba lọ. ₦5,000 ló kọ síbẹ̀. ₦15,000 ló gbà lọ́wọ́ wa. Ìgò gáàsì ò padà dé títí di ọjọ́ Ajé, nígbà tó sì dé, ọmọ ọdún márùn-ún lè fi ọwọ́ kan gbé e.

Kí là ń ta àkàrà fún? Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn kan nílùú yìí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Dókítà ti ní kó máa lọ sílé láti Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n owó tó kù nílẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀kadà ni ọkọ rẹ̀ ń gùn, wọ́n sì ti jí ọ̀kadà ọ̀hún gbé. Ní Jímọ̀, ọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwa la gbé iyọ̀ àti oyin lọ. Nọ́ọ̀sì kan tínú rẹ̀ dáa bá wa wá ife omi. Wúyẹ́wúyẹ́ la sọ ọmọ lórúkọ nínú wọ́ọ̀dù, kí a má baà jí àwọn tó ń sùn. Obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ń ṣe àmín láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí. Òun náà ti gba ìwé ìlọsílé, òun náà ò rí ibi lọ. Láti ibẹ̀ la ti lọ bó ẹ̀wà. Èyí ni wọ́n pè ní àríyá.

Ẹgbẹ́ wa ò ní orúkọ ńlá. Obìnrin méjìlélógójì ni wá: aláta, aránṣọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi, Mùsùlùmí, Onígbàgbọ́, àti ìyá kan tó ní kẹ́nikẹ́ni má bi òun. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ la ń ṣèpàdé, ₦500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ní lọ́sẹ̀ yẹn, a kì í pè é síta, ó mọ̀ pé òun lòun máa fọ agbada ní Sátidé. Owó yìí la fi ń ra lísìtì ìbímọ fún aboyún tí oṣù ti kù sí dẹ̀dẹ̀ tí kò tíì rí nǹkan kan rà. Ẹ̀yin ìyá tó bá ń ka èyí mọ lísìtì yẹn: jíìkì, òwú, ìbọ̀wọ́, pádì, rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ọṣẹ, aṣọ ọmọ. Bí obìnrin ò bá mú un wá, ojú tí wọ́n á fi wò ó lẹ́nu ọ̀nà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i. A máa ń dì í sínú báàgì, a ó gbé e lọ bá a nílé lálẹ́, kí aládùúgbò má baà mọ̀. A ti bá opó tí àwọn ẹbí ọkọ lé jáde gba yàrá kan. A ti ra yunifọ́ọ̀mù fún ọmọ tí kì í ṣe tiwa.

Owó yìí náà la fi ń ra mílíìkì fún ilé àwọn ọmọ aláìníyàá kan. Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà mọ ohun tí agolo mílíìkì ọmọ ọwọ́ ti dà láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní oṣù Karùn-ún 2023. Nígbà kan, agolo mẹ́wàá là ń gbé lọ lóṣù. Ní báyìí, mẹ́rin. Àwọn ọmọ ò dín kù o.

Èmi ni akápò. Ìwé owó wa ti di ìkẹrin, ìwé ńlá elétí pupa, kò sí ₦50 tó wọlé tàbí tó jáde tí kò sí níbẹ̀. Ẹ bá mi bi àwọn tó ń gba owó àríyá pé ìwé tiwọn dà?

Tíṣà ni mí, mi ò lè sọ̀rọ̀ láìwádìí. Òótọ́ ni pé òfin ọdún 1998 tó to oríṣiríṣi owó tí ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, ó ka owó àríyá àti títì pípa mọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Mi ò jiyàn ẹ̀. Bí ẹ bá ń sìnkú àgbà, tí ẹ pa títì, tí ẹ gbé olórin wá, tí owó ń fò lókè bí ewé, ẹ san án, owó àríyá yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ di ojú ọ̀nà torí pé ó fẹ́ gba owó orí. Apá ibẹ̀ yẹn ni wọn kì í rántí kà. Àwa ò tiẹ̀ pa títì. Iwájú ilé alága wa la wà, ẹsẹ̀ kánópì wa kankan ò kan ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà ogun Hítílà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà l'Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń darí, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé kíkà, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún ìwé ìròyìn Daily Service ní 1945. Kò pẹ́ tí ó jáde tí gbígba ìrẹsì fi dáwọ́ dúró. Ọdún kejì ni ẹgbẹ́ náà di Abẹ́òkúta Women's Union, wọ́n sì gbógun ti owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Olóòtú, ẹ ti rí ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí. Àwa ò ní kí ọba kankan kúrò lórí ìtẹ́ o. Gáàsì wa ni ká rí.

Ohun tó wá ń ya mí lẹ́nu ni pé àwọn ọ̀gá tó rán àwọn ọmọ wọ̀nyí jáde, a máa ń pàdé wọn ní ilé àwọn ọmọ aláìníyàá bó bá ti di oṣù Kejìlá. Ọkọ̀ jíìpù mẹ́ta, oníkámẹ́rà méjì, páálí ìndómì. Lọ́dún tó kọjá, mo wà níbẹ̀, mílíìkì oṣù ni mo gbé lọ. Wọ́n ní kí n sún sẹ́yìn díẹ̀, mo ń bo bánà. Ọ̀gá kan gbé ọmọ oṣù mẹ́rin dání, wọ́n gbé páálí ìndómì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ya fọ́tò. Ọmọ oṣù mẹ́rin! Ta ló máa jẹ ìndómì ọ̀hún? Nínú ọ̀rọ̀ tó sọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ "àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ràn ìjọba lọ́wọ́". Ìyá yín tó ń ràn yín lọ́wọ́ lẹ rán géńdé mẹ́rin sí yìí. Òun lẹ gba owó àríyá lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí èyí tí ojú ń tì nínú wọn. Bí ìlú ò bá dára, wọ́n á ní kí ará ìlú dìde ran ara wọn lọ́wọ́, bí ará ìlú bá dìde tán, wọ́n á já tíkẹ́ẹ̀tì fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Ìwé ni. Ìwé pélébé kan ṣoṣo tí ìjọba ìbílẹ̀ á máa fún ẹgbẹ́ obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́dọọdún, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti rò ó títí, mo tiẹ̀ ti yà á sẹ́yìn ìwé owó wa. Orúkọ ẹgbẹ́ lókè, àdúgbò lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àyè mẹ́fà tí wọ́n á máa kọ déètì sí, torí mo gbà pé ọjọ́ mẹ́fà lọ́dún tó fún ẹgbẹ́ láti fi tajà kó owó jọ. Ẹni tó bá fẹ́ máa tà lójoojúmọ́ ti di ọlọ́jà, kó lọ san owó ọjà. Kí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Kí nọ́ńbà fóònù ẹnì kan ní ọ́fíìsì wà níbẹ̀, kó sì jẹ́ ẹni tó máa gbé e bí a bá pè é ní Sátidé, nítorí Sátidé tí ọ́fíìsì wà ní títì gan-an ni àwọn ọlọ́tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn. Kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́. A ó fi ọ̀rá bò ó nítorí òróró, a ó so ó mọ́ òpó kánópì. Ẹni tó bá rí i á máa bá tirẹ̀ lọ.

Báwo lẹgbẹ́ ṣe máa rí i gbà? Bó bá di oṣù Kìíní, kí akápò gbé ìwé owó rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, kó kà á sókè lójú gbogbo ẹgbẹ́ yòókù: èyí wọlé, èyí jáde, èyí ló ṣẹ́ kù. Ẹgbẹ́ tí ìwé rẹ̀ ò bá tíì pé ọdún méjì, kó padà lọ. Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, pé ọ̀la ni àwọn olóṣèlú máa dá ẹgbẹ́ obìnrin tiwọn sílẹ̀. Kí wọ́n dá a sílẹ̀. Kí wọ́n wá ka ìwé ọdún méjì níwájú àwọn ìyá aláta. Àwọn ìyá yẹn á bi wọ́n pé ọjà wo ni wọ́n ti ra òwú ní iye tí wọ́n kọ yẹn, ta ló tà á. Àwa fúnra wa ti yọ akápò kan nípò rí torí ₦3,200 tí kò ríbi tọ́ka sí. Èmi ni mo gbapò rẹ̀, ẹ̀rù ₦3,200 yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Àwọn mìíràn á ní ká lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ ṣeun. Báàgì ìbímọ mélòó nìyẹn máa gbé lọ? Nígbà tí a fẹ́ ṣí àkáǹtì ní báńkì kan, wọ́n ní ká mú ìwé CAC wá, ká tún mú ti SCUML, ìyẹn ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ àwọn tó ń fọ owó ìdọ̀tí. Àwa alákàrà! Àkáǹtì àwọn mẹ́ta nínú wa lowó ẹgbẹ́ wà títí dòní.

Kí ilé ìwòsàn yéé ka owó bẹ́ẹ̀dì sí aláìsàn lọ́rùn lẹ́yìn tí dókítà bá ti ní kó máa lọ. Kí kánsílọ̀ wa yọjú sí ìpàdé wa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó fi kámẹ́rà sílé. Kí wọ́n dá ₦15,000 wa padà.

Obìnrin yẹn ti délé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló jáde, lẹ́yìn tí a yáwó lé owó tó wà nílẹ̀, owó bẹ́ẹ̀dì òru mẹ́fà tó fi jókòó lásán sì wà nínú ohun tí a san. Ó ku ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Tirẹ̀ la máa fi àkàrà Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí wá, níwájú ilé kan náà, láti aago méje àárọ̀. ₦100 ni ẹyọ kan. Mo ti ṣí ojú ewé tuntun fún ìjọba ìbílẹ̀ nínú ìwé mi: àkàrà méje, ₦700, wọn ò tíì san.

Èmi ni,
Akápò ẹgbẹ́ obìnrin kan,
Ìbàdàn.