Ìdí tí a kò fi kọ "oògùn ìgbàgbé" sára ike atalẹ̀ pupa wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìfẹ́, ẹ kú ìdúróṣinṣin. Ìbéèrè tí a ń gbọ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́nu àwọn tó ń tọ́jú òbí tó ti dàgbà, ni pé: ṣé atalẹ̀ pupa yóò dá iyè màmá padà? Àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ ká kọ ọ́ sára ike. A ò ní kọ ọ́.

Purotéènì inú ọpọlọ ní bó ṣe gbọ́dọ̀ ká ara rẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́, bí ẹni wé gèlè. Èyí tó bá ká lódì á máa lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á dìpọ̀, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ á sì máa kú. Lọ́dún 1906, Dókítà Alois Alzheimer ti Jámánì ṣàlàyé ohun tó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí iyè rẹ̀ ti rá. Àrùn náà là ń pè ní Alzheimer. Lónìí a mọ̀ pé purotéènì tí wọ́n ń pè ní amyloid àti tau ló dìpọ̀ níbẹ̀. Ní ti àrùn Parkinson tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, alpha-synuclein ni.

Curcumin, èròjà kan inú atalẹ̀ pupa, máa ń dí amyloid lọ́wọ́ láti dìpọ̀, nínú ìgò àyẹ̀wò àti lára eku. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti ń dákẹ́. Tí èèyàn bá jẹ ẹ́, díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò lára àwọn tó ní Alzheimer kò sì fi hàn pé ó wò wọ́n sàn.

Ewé àti egbò lágbára o. Ara òdòdó ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí galantamine, tí dókítà ń lò láti dín ìnira Alzheimer kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wò ó tán. Levodopa, oògùn Parkinson, wà nínú èso wèrèpè gan-an! Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í lọ̀ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó bẹ̀ wá tó: iye tó wà nínú èso kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹni tó sì ti ń lo oògùn náà lè lò ó kọjá ìwọ̀n.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé ìwọ̀n àwọn tí Alzheimer ṣẹ̀ṣẹ̀ mú láàárín àwọn àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, Amẹ́ríkà. Inú wa dùn sí i, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ohun jíjẹ kan ló fà á.

Ẹ jọ̀ọ́, tí màmá tàbí bàbá bá ń gbàgbé nǹkan, ẹ má pè wọ́n ní àjẹ́, ẹ má sì fi ike wa rọ́pò dókítà. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen. Àìtó fítámì B12, àrùn tárọ́ìdì tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè fa ìgbàgbé, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó bi dókítà léèrè kó tó máa mu atalẹ̀ pupa lójoojúmọ́.

Fún ọbẹ̀ àti ìrẹsì yín, ó wà nílẹ̀ dáadáa, iye tí a ń tà á tẹ́lẹ̀ náà ni.

Àwa tiyín ní ṣọ́ọ̀bù